Màmá pe cactus ní ọrọ́, wọ́n ní ó kùnà: báwo lẹ ṣe ń fi Yorùbá yẹ ẹni tẹ́ ẹ fura sí rọpárọsẹ̀ wò?

NọọsìAlẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ ìwòsàn, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìmájẹ́ńsì ni mo wà, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbé ìyá àgbà kan wá, ọwọ́ ọ̀tún ò lágbára, ẹnu fà díẹ̀. Mo mú NIHSS, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí rọpárọsẹ̀ ṣe le tó, mo gbé àwòrán ẹ̀ síwájú màmá pé kí wọ́n máa pe orúkọ ohun tí wọ́n bá rí. Wọ́n pe àga, wọ́n pe kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní ìyẹ́ adìẹ rèé. A dé orí hammock, ibùsùn tí wọ́n ń so kọ́ sáàárín igi méjì, màmá ní "àwọ̀n ẹja." A dé orí cactus, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "ọrọ́ nìyí, ta ló ya ọrọ́ sínú ìwé?" Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kí n kọ ọ́ pé wọ́n kùnà méjì, pé ọ̀rọ̀ ti ń sọnù lẹ́nu wọn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi, etí ọ̀sà ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ wa ẹni tó bá rí nǹkan yẹn tí kò pè é ní àwọ̀n, òun gan-an ni màá gbé lọ ṣe síkáànù 😂

Ọjọ́ orí ńkọ́? Mo bi wọ́n, wọ́n ní "ẹ bi àkọ́bí mi, òun ló máa ń bá mi kọ ọ́." Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Dókítà Onísùúrù

Nọ́ọ̀sì wa, o ṣeun tó o bèèrè, ìbéèrè yìí ti pẹ́ lọ́kàn èmi náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Gbogbo máàkì orí NIHSS 42 ni, òdo ló dáa, bó bá ṣe ń pọ̀ ni àìsàn ṣe ń le. Nínú 42 yẹn, 7 ló jẹ́ ti èdè tààrà: 2 lórí ìbéèrè oṣù àti ọjọ́ orí, 2 lórí pé kó lajú kó dijú, kó di ẹ̀ṣẹ́ kó tú u, 3 lórí pípe orúkọ nǹkan àti sísọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán. Tó o bá wá ń fi gẹ̀ẹ́sì bi ẹni tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, o ti fún un ní máàkì 7 lọ́fẹ̀ẹ́ kó o tó fọwọ́ kan apá ẹ̀. Tó bá dọ̀la tí ẹlòmíì fi Yorùbá bi í tó sì dáhùn, wọ́n á ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Oògùn wo?

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dé ìdí àwòrán rárá, ṣúgà. Mo ti rí bàbá kan tí apá ọ̀tún ẹ̀ kú pátápátá, kò lè fọhùn, gbogbo ilé ti ń sunkún, a gún un níka, ṣúgà ẹ̀ 31 mg/dL, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ó ti lo oògùn àtọ̀gbẹ láàárọ̀, kò sì jẹun. A gba iṣan fún un ní dextrose, ìyẹn omi ṣúgà, kò pẹ́ tó fi ń bèèrè pé ta ló gbé òun wá síbí, apá tá a ní ó kú ló fi ń lé eṣinṣin. Wárápá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbọ̀n tán, apá ẹ̀ kan lè rọ fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá ó gbọ̀n, bóyá ó ti ní in tẹ́lẹ̀.

Ìkejì ni àkókò. Ẹ má bi wọ́n pé "ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀," ìgbà tí wọ́n rí i ni wọ́n máa sọ fún yín. Ẹ bi wọ́n pé "ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn tára ẹ̀ ṣì dá ṣáṣá?" Ẹni tó sùn ní aago 10 alẹ́ tí wọ́n bá bẹ́ẹ̀ ní aago 6 àárọ̀, aago 10 lẹ máa kọ, ẹ ò gbọdọ̀ kọ 6. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n pààlà ẹ̀ sí, síkáànù sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń ya sínú ọpọlọ. Mo mọ̀ pé ibi téèyàn ti lè rí oògùn yẹn gbà ní Nàìjíríà ò pọ̀, owó ẹ̀ sì ń já èèyàn láyà, àmọ́ tí ẹ ò bá kọ àkókò sílẹ̀, ibi tó wà gan-an ò ní lè fún un.

Ọmọ Alákàrà

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, mo kàn fẹ́ sọ tèmi nítorí ọ̀rọ̀ àkókò tí dókítà sọ yìí. Bàbá mi jẹ́ ẹni tó lè gbá ọmọ létí tó bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, aago méje àbọ̀ ti lù, wọ́n na ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà sí mi kí n lọ ra búrẹ́dì, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi nà án. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní "Bàbá, òsì kẹ̀?" Wọ́n wo ọwọ́ yẹn, wọ́n wò mí, wọn ò dáhùn. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan wọn jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó sùn. Mo bá tèmi lọ. Ìgbà tí mo fi máa dé, tíì ti dà sára wọn, igun ẹnu ọ̀tún ti wọ́ sílẹ̀, itọ́ ń kán níbẹ̀, wọ́n fẹ́ pe orúkọ mi, "ìì, ìì" nìkan ló ń jáde.

Nígbà tá a dé ọsibítù, wọ́n bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa dáhùn pọ̀ pé aago mẹ́jọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ọwọ́ òsì yẹn tó wá sí mi lọ́kàn. Mi ò tíì lè jẹ búrẹ́dì yẹn di òní, tí mo bá sọ ọ́ fún èèyàn wọ́n á ní mò ń ṣe àṣejù.

Dókítà Onísùúrù

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ ò ṣe àṣejù kankan. Kódà aago méje àbọ̀ gan-an kọ́ ni màá kọ. Lásìkò yẹn ọwọ́ ti rọ. Màá bèèrè pé ta ló rí bàbá ṣáájú ìyẹn tí wọ́n ń fi ọ̀tún ṣe nǹkan.

Ọmọ Alákàrà

Ìyá mi ní nígbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbá, ọ̀tún ni wọ́n fi di búútà mú.

Dókítà Onísùúrù

Ẹ wò ó, ìdáhùn tí mò ń wá nìyẹn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ fi ọ̀rọ̀ búútà yìí sọ́kàn. Ará ilé tí kò mọ aago mọ ìgbà tí wọ́n pèrun, ìgbà tí iná dé, ìgbà tí àwọn ọmọ lọ síléèwé.

Físíò Agbègbè

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Àgbàlagbà Yorùbá, tó o bá pàṣẹ fún un bí ṣọ́jà, á kàn máa wò ẹ́ ni, ìwọ á rò pé kò gbọ́ èdè mọ́, inú ló ń bí i. Ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kí wọn ná, kò gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Lẹ́yìn náà "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń yáná." Gbogbo wọn ló mọ̀ bí wọ́n ṣe ń yáná, àtẹ́lẹwọ́ á sì dojú bolẹ̀ bí fọ́ọ̀mù ṣe fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ wíwò kíákíá nílé, ọwọ́ méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ wo èyí tó ń já wálẹ̀. Tó bá jẹ́ ti fọ́ọ̀mù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, apá tó le lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta sókè dé ẹ̀wá, ẹ má sáré kà á. Èyí tó rọra ń wálẹ̀ àmọ́ tí kò balẹ̀, 1. Èyí tó gbìyànjú àmọ́ tó já sórí ibùsùn, 2. Èyí tó kàn ń sún lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò lè gbéra, 3. Èyí tí kò mira rárá, 4. Ẹsẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìdùbúlẹ̀ ni, ẹ kà á dé àrún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ agbára ìfọwọ́mú, ọ̀pọ̀ bàbá ò ní fẹ́ fún yín lọ́wọ́ òsì kẹ́ ẹ dì í mú, ojú ń tì wọ́n, nítorí náà ẹ tètè sọ pé "ẹ má bínú sà, òsì náà ni mo nílò." Mo ti rí i tí ẹnì kan kọ "left grip absent" fún bàbá tó kàn ń bọ̀wọ̀ fún un ni.

Ojú: "ẹ rẹ́rìn-ín" kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kí ló fẹ́ fi rẹ́rìn-ín? Ẹ ní kó ṣe bí ẹni tó ń run orín, eyín á yọ fúnra ẹ̀, lẹ́yìn náà kó ṣe bí ẹni tó ń fẹ́ná. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ní ilà lójú tàbí eyín tó ti ká lápá kan, ojú ẹ̀ lè má dọ́gba látọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀, ẹ wo fọ́tò ayẹyẹ tó lọ gbẹ̀yìn, tàbí káàdì ìdìbò. Ẹ sì ní kó fojú wo òkè àjà láì gbé orí. Tí iwájú orí bá hunjọ lọ́tùn-ún lósì, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ ojú nìkan ló wọ́, ó jọ ti ọpọlọ. Tí ìdajì iwájú orí bá dán bọ̀rọ̀, tí ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn ò sì lè dé, ó lè jẹ́ iṣan ojú nìkan ló rọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Èyí táwọn èèyàn máa ń fò ni fífọwọ́ kan ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà kó dijú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á mọ̀ ọ́n lára, ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án pọ̀, ọ̀tún nìkan lá sọ. Ọpọlọ ti gbàgbé òsì. Mo tọ́jú ìyá kan tó ń bi mí pé ọwọ́ ta ni mo gbé sórí bẹ́ẹ̀dì òun, ọwọ́ ara ẹ̀ ni o. Irú wọn á sọ̀rọ̀ ketekete, ará ilé á ní kò sí nǹkan.

Bàbá Ajé

Gbogbo gẹ̀ẹ́sì yìí, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Àwọn nǹkan míì ọwọ́ ayé ni. Ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún orí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí ẹ̀jẹ̀ jáde, pé ẹnu á padà sípò.

Ọmọ Alákàrà

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ forí jì mí, èmi ò bá yín jiyàn ọwọ́ ayé, ẹ gbàdúrà yín nínú mọ́tò, kí mọ́tò ṣáà máa lọ sí ọsibítù. Àbẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n ṣe é fún bàbá mi, ìka mẹ́wàá. Ẹnu ò padà síbì kankan. Wọ́n tún ro àgbo sí wọn lẹ́nu, ó sá sọ́nà ọ̀fun, ikọ́ ló gbẹ̀yìn ẹ̀, ikọ́ yẹn ló jẹ́ ká pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ju rọpárọsẹ̀ gan-an lọ.

Mátíróònù

Ó ṣeun ọmọ mi. Omi, àgbo, epo pupa, aspirin, ohunkóhun ò gbọdọ̀ gba ọ̀fun kí wọ́n tó yẹ gbígbé mì wò. Aspirin ẹ̀wẹ̀, tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ya nínú orí, ẹ ti bu epo síná. Ẹ má sì fi ìkánjú já bípì wálẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà ẹ̀ ga, ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ń fi bípì yẹn mí ni.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ó dùn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Bí NọọsìAlẹ́ bá lo orín, tí ti àárọ̀ lo fèrè, tí ti ọ̀sán bi í ní ọmọ mélòó ló bí dípò ọjọ́ orí, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá aláìsàn ló yí padà àbí ìbéèrè? Ìdí tí NIHSS fi wúlò ni pé gbogbo èèyàn ń bèèrè nǹkan kan náà, wọ́n sì ń kọ ìdáhùn àkọ́kọ́, wọn kì í ràn án lọ́wọ́, wọn kì í tún un bi títí á fi gbà á. Èmi gba ohun tí fọ́ọ̀mù wí: kò mọ ọjọ́ orí, mo fún un ní máàkì. Àmọ́ mo á kọ sí ẹ̀gbẹ́ pé "ọmọ ẹ̀ ní kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀." Oṣù ní tiẹ̀, tó bá ní Agẹmọ tí a sì wà ní July, ó gbà á. Ẹ fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan náà ní wọ́ọ̀dù yín, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù, kí gbogbo ṣíftì máa lò ó. Ẹ sì kọ èdè tẹ́ ẹ lò sókè fọ́ọ̀mù.

Ẹ má sì rò pé ẹnì kan ò tíì ṣe iṣẹ́ yìí ní Yorùbá rí. Láti 1973 sí 1975 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, dókítà ọpọlọ, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń forúkọ àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ìbéèrè mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní QVSFS náà, wọ́n ti túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, Hausa àti Akan, wọ́n sì ti dán an wò. Àmọ́ ìyẹn, ẹ fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ti ní in rí ni, kì í ṣe ti ẹni tẹ́ ẹ gbé wọlé ní aago méjì òru.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ kú òru o, ìlú ọba ni mo ti ń kọ ọ́, nọ́ọ̀sì lèmi náà. Ẹ̀yin ń ṣàròyé ẹni tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá gbọ́ tiwa. Bàbá kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún níbí, gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ já geere, rọpárọsẹ̀ mú un, ó padà sí Yorùbá pátápátá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ "confused, incomprehensible sounds." Mo gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọjá, mo gbọ́ tó ń sọ pé "ẹ bá mi fa aṣọ yìí sókè, òtútù ń mú mi." Kò sí ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ju ìyẹn lọ! Lórí Glasgow Coma Scale, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọpọlọ èèyàn ṣe jí tó, wọ́n ti fún un ní 2 lórí ọ̀rọ̀ sísọ níbi tó yẹ kó ti gba 4 tàbí 5. Èdè tó kọ́kọ́ gbọ́ ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ tún bèèrè èdè tó ń sọ nílé.

Tẹ́ ẹ bá ń fi ọmọ aláìsàn ṣe ògbufọ̀, ẹ kìlọ̀ fún un, ọmọ á máa bá bàbá ẹ̀ tún ọ̀rọ̀ ṣe nítorí ìfẹ́. Bàbá á ní "jẹ, jẹ, lóòní," ọmọ á ní ó fẹ́ jẹun.

Ẹ má da ahọ́n tó wúwo pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó sọnù. Ẹni tí ahọ́n ẹ̀ wúwo mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó ń dún bí ọ̀mùtí ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ sọnù lọ́wọ́ ẹ̀ lè sọ̀rọ̀ já geere kó má nítumọ̀, tàbí kó di ṣíbí mú kó pè é ní ìlẹ̀kùn. Fún ahọ́n, mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí mò ń lò fún àwọn ará wa: màmá fún ètè, tòlótòló fún ẹnu ahọ́n, gúgúrú fún ẹ̀yìn ahọ́n, gbọ̀ngbọ̀n fún ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n pọ̀. Gbọ̀ngbọ̀n ló máa ń tú àṣírí. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ náà, ará ilé ló máa mọ̀ ọ́n, tó bá ń pe ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ bákan náà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Akọ̀wé Káńsù

Ìbéèrè tèmi o. Àbúrò bàbá mi ní òòyì ń kọ́ òun láti àná, ó ń bì, òsúkè ò sì dáwọ́ dúró. Apá ẹ̀ le, ẹnu ẹ̀ ò wọ́. Ṣé ibà ni?

Dókítà Onísùúrù

Ṣé ó lè jókòó láì sí pé wọ́n dì í mú? Ṣé ó lè rìn?

Akọ̀wé Káńsù

Ó ń ṣubú sósì. Tá a bá gbé e jókòó ó ń tẹ̀.

Dókítà Onísùúrù

Ẹ gbé e lọ báyìí, ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ sọ fún wọn pé kò lè jókòó àti pé òòyì náà ṣàdédé dé ni. Rọpárọsẹ̀ tó mú ẹ̀yìn ọpọlọ lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó bá mú níbẹ̀ ni apá àti ẹsẹ̀ wọn máa ń le, tí NIHSS á fún wọn ní 1 tàbí òdo pàápàá, tí wọ́n á sì fi oògùn ibà lé wọn lọ sílé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá yẹ̀ wò lórí ìdùbúlẹ̀ nìkan, ẹ ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Akọ̀wé Káńsù

A ti wà lọ́nà.

NọọsìAlẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù, títí kan ọ̀gá mi ọjọ́ yẹn, a ò jà 😅 Ohun tá a fẹnu kò lé rèé. Ṣúgà àti "ìgbà tára le kẹ́yìn" la máa kọ ṣáájú, òkè pátápátá, pẹ̀lú èdè tá a lò. A ò fọwọ́ kan àwòrán fọ́ọ̀mù, àmọ́ tó bá pe hammock ní àwọ̀n, cactus ní ọrọ́, ó gbà á, a sì máa kọ ohun tó sọ gan-an. A tún ní àpò kékeré kan: kọ́kọ́rọ́, ṣíbí, ìlẹ̀kẹ̀, orín, agogo ọwọ́, a máa fi yẹ ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa wò, kó dì wọ́n mú kó pe orúkọ wọn. Ẹni tí máàkì ẹ̀ bá fi 4 lé sí i ju ti tẹ́lẹ̀, a pe dókítà lóru yẹn, a ò ní dúró dìgbà ráńdì, ìyẹn ìgbà tí àwọn dókítà máa ń yípo wọ́ọ̀dù.

Lóru àná màmá kan tún dé, ọwọ́ òsì. Mo fọwọ́ kàn wọ́n lọ́tùn-ún lósì pọ̀, wọ́n ní ọ̀tún. Mo tún un ṣe, ọ̀tún. Ọmọ wọn ní "Màmá, ẹ sọ òsì náà," mo ní kó jọ̀ọ́ kó dákẹ́. Mo ní kí wọ́n pe gbọ̀ngbọ̀n, wọ́n pè é, wọ́n ní ṣé orin ni mo fẹ́ kọ.

Ìyá Ìbejì Peckham

Bá mi ya fọ́tò ohun tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, jọ̀ọ́.